Òótọ́ Àbí Irọ́? Ohun Tí Wọ́n Ń Sọ Nípa Ẹ̀kọ́ Orin ní Ilé Ìwé Girama

Ẹni tó bá ń gbé Igbó-Elérin ní Èkó kì í wá orin lọ síbì kankan. Orin ló ń wá a wá. Lọ́jọ́ Àìkú, kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì kan á máa kọrin lápá ọ̀tún, òmíràn á máa lu dúrọ́ọ̀mù lápá òsì. Lọ́jọ́ Sátidé, fújì á gba gbogbo àdúgbò níbi ìnáwó. Ọkọ̀ tó ń ti Okokomaiko lọ sí Mile 2 á gbé rédíò sókè. Àmọ́ tí ọmọ bá wọ ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, orin dákẹ́ nìyẹn. Á kọ orin orílẹ̀-èdè lórí ìlà, ó tán. Ó tún di ìgbà tí ọjọ́ àṣeyẹ ilé ìwé bá kù sí dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó ké sí i pé kó wá kọrin fún àwọn àlejò.

Ẹ̀kọ́ ni orin, bí ìṣirò ṣe jẹ́ ẹ̀kọ́. Ó ní ìpele, ó ní iṣẹ́ àṣetiléwá, ó ní ohun tí ọmọ kò mọ̀ ní January tó yẹ kó ti mọ̀ ní July. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lẹ́nu ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí i gbà bí ẹ̀kọ́. Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ni mo kó jọ síbí.

“Orin kò sí nínú WAEC. Ọmọ tí ìwé kò yé ló ń ṣe é.”

Irọ́ ni, lápá méjèèjì.

Music wà lára iṣẹ́ tí WAEC ń ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì wà nínú ti JAMB pẹ̀lú. Ìdánwò WAEC kì í ṣe eré. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ìdánwò lórí òfin orin, lórí ìtàn orin Áfíríkà àti ti Yúróòpù. Wọ́n á dán etí rẹ̀ wò. Á sì tún dúró níwájú olùdánwò láti fi ohùn rẹ̀ tàbí ohun èlò ṣe orin. Nínú iṣẹ́ mélòó ni wọ́n ti ń dán ọmọ wò nínú ìwé, ní etí àti ní ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ní JSS, abẹ́ Cultural and Creative Arts ni orin wà, pẹ̀lú àwòrán yíyà, eré orí ìtàgé àti ijó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún. Tó bá jẹ́ àwòrán ló kọ́ ní yunifásítì, àwòrán ló máa kọ́ni dáadáa, á sì pe nóòtì orin fún àwọn ọmọ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ á mọ ohun tí ìwé sọ pé orin jẹ́, kò sì ní tíì kọ ìlà orin kan láti inú ìwé rí. Mi ò dá olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi: ohun tí a kò kọ́ ọ, kò lè fi kọ́ ẹlòmíràn. Tí ọmọ bá wá dé SS, orin di iṣẹ́ àṣàyàn, ilé ìwé tí kò sì ní olùkọ́ rẹ̀ kì í fi sílẹ̀ fún ọmọ láti yàn. Bí ọ̀rọ̀ “kò sí nínú WAEC” ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó wà nínú WAEC. Ilé ìwé ni kò ti sí.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ojú ọ̀nà wa gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ náà. LASU wà ní Ojo níbí, ó sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé àti orin. Ní Ijanikin, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ Adeniran Ogunsanya tó di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022 ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ orin. Ìdíkọ̀ wa ni wọ́n ti ń wọkọ̀.

Ní ti ìwé tí kò yé ọmọ, ẹ wo àwọn olórin tí ilé ìwé girama wa ti tọ́ dàgbà. Fela Sowande lọ sí CMS Grammar School àti King's College ní Èkó. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló bá dé Lọ́ńdọ̀nù ní àárín ọdún 1930 sí 1940 kó tó gbájú mọ́ orin, òun náà ló sì kọ Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960. Akin Euba jáde ní CMS Grammar School kan náà. Ayo Bankole jáde ní Baptist Academy. Ní 1958, ìmọ̀ ìṣègùn ni àwọn òbí Fela Anikulapo-Kuti rán an lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó gba Trinity College of Music lọ. Bàbá rẹ̀, Israel Oludotun Ransome-Kuti, jẹ́ ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, ní 1931. Nínú ilé ọ̀gá ilé ìwé ni Fela ti kọ́kọ́ jókòó sídìí dùùrù.

“Àbímọ́ ni orin. Ẹni tí kò lóhùn, kò lóhùn.”

Irọ́ ni fún ẹni tó pọ̀ jù lọ nínú wa. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí ọpọlọ wọn kì í ya ohùn orin sọ́tọ̀ láti inú oyún wá. Ìwádìí fi hàn pé wọn kò ju nǹkan bí ẹnì kan tàbí méjì nínú 100. Nínú kíláàsì ọgọ́ta ọmọ, ó lè jẹ́ ẹnì kan. Àmọ́ iye ọmọ tí wọ́n ti lé kúrò lórí ìlà akọrin pé “ìwọ, dákẹ́” pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ohun kan tún wà tí olùkọ́ girama gbọ́dọ̀ mọ̀ ju olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ: ọjọ́ orí tí ohùn ń yí padà ni àwọn ọmọ wọ̀nyí wà. Láàárín JSS2 sí SS1, ọ̀fun ọmọkùnrin á tóbi sí i, iṣan ohùn á gùn sí i, á sì nípọn. Ohùn rẹ̀ á já wá sílẹ̀ tó láti dò òkè dé dò ìsàlẹ̀. Ti ọmọbìnrin náà máa ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ ìgbésẹ̀ bíi méjì péré ni, kì í sì í hàn sí àwọn èèyàn. Fún oṣù bíi mélòó kan, ọmọkùnrin tó ń kọrin bí ẹyẹ lánàá á la ẹnu, ohùn á ya sí méjì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Tí olùkọ́ bá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ọmọ náà kò ní kọrin mọ́ láyé rẹ̀, á sì gbà pé òun kò lóhùn ni. Ohun tó yẹ ni kí olùkọ́ sọ fún gbogbo kíláàsì ṣáájú pé èyí ń bọ̀, kó wá orin tí kò ga jù fún àwọn ọmọkùnrin, kó má sì jẹ́ kí wọ́n máa fi tipátipá gbé ohùn sókè.

Ọmọ Yorùbá tún ní àǹfààní kan ní etí tó yẹ kí olùkọ́ orin lò. Láti kékeré ló ti ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, ohùn nìkan ló sì fi ń yà wọ́n. Olùkọ́ Yorùbá ní kíláàsì kejì ń fi dò, re, mí kọ́ ọ ní àmì ohùn. Inú tonic sol-fa ni dò, re, mí yẹn ti wá, èyí tí Sarah Glover bẹ̀rẹ̀ ní Nọ́wíìṣì, tí John Curwen tún ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1840 sí 1880, tí àwọn míṣọ́nnárì sì gbé wá sí ilẹ̀ wa. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí olùkọ́ là yé wọn. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, kò sí ìwọ̀n kan pàtó láàárín dò àti mí. Tí inú bá ń bí èèyàn, mí rẹ̀ á lọ sókè gan-an. Nínú orin, ìwọ̀n náà dúró gbọin, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ mu. Ọmọ tó ti mọ èyí tó ga àti èyí tó wálẹ̀ kò ní ju kó kọ́ ìwọ̀n lọ. Olùkọ́ orin àti olùkọ́ Yorùbá tó bá jọ sọ̀rọ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́ lè ran ara wọn lọ́wọ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

“Ilé ìwé tí kò ní dùùrù kò lè kọ́ni lórin.”

Irọ́ gbáà. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí jù, torí ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ní agbára láti ṣe nǹkan kan.

Ẹ fún olùkọ́ ní agogo kan, tàbí ìgò òfìfo àti ṣíbí. Kó ní kí kíláàsì máa kà láti 1 dé 12, kí wọ́n má dúró, kí wọ́n padà sí 1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n wá máa pàtẹ́wọ́ sórí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Á kọ́kọ́ dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, pàápàá níbi tí 5 àti 6 ti tẹ̀lé ara wọn, àti níbi tí 12 ti já sí 1. Kò ní pẹ́ tí orí á fi máa mì, tí ẹsẹ̀ á máa gbọn. Wọ́n ti gbọ́ ọ rí: ọ̀kan lára àwọn ìlù agogo tó gbajúmọ̀ jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni. Àwọn Ewe ní Gánà àti Tógò ń lù ú, Yorùbá ń lù ú, ó sì tẹ̀lé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Kúbà, níbi tí wọ́n ṣì ti ń fi kọrin fún òrìṣà títí dòní.

Kí olùkọ́ wá pín kíláàsì sí méjì. Apá kan á máa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lórí 1, 4, 7 àti 10. Apá kejì á máa fọwọ́ lu tábìlì lórí 1, 5 àti 9. Mẹ́rin ń bá mẹ́ta rìn nínú 12 kan náà, wọ́n ń pàdé lórí 1 nìkan. Ọmọ tí tísà Máàsì ti ń bá jà lórí nọ́ńbà tí 3 àti 4 jọ pín láìṣẹ́kù ti gbọ́ ọ létí báyìí, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ó kù. Kí wọ́n kọ àlàfo àárín pípàtẹ́wọ́ wọn àkọ́kọ́ sórí pátákó. Láti 1 dé 3 jẹ́ méjì, 3 dé 5 jẹ́ méjì, 5 dé 6 jẹ́ ọ̀kan: 2, 2, 1, 2, 2, 2, 1. Kí olùkọ́ wá gbé kíbọ́ọ̀dù kékeré kan jáde, èyí tó wà lórí fóònù pàápàá tó, tàbí kó ya ojú dùùrù sórí pátákó. Kó pe C ní 1, kó máa ka gbogbo bọ́tìnì, dúdú àti funfun, láì fo ọ̀kankan. 1 bọ́ sórí C, 3 sórí D, 5 sórí E, 6 sórí F, 8 sórí G, 10 sórí A, 12 sórí B. Àwọn bọ́tìnì funfun nìyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: dò, re, mí, fa, so, la, ti. Òǹkà tí àwọn baba wa fi lu agogo ni òǹkà tí àkàsọ̀ ohùn àwọn òyìnbó fi gòkè. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí i lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni tó bá fẹ́ to méje sínú 12 kí wọ́n má fún jọ síbì kan, kó má sì sí àlàfo tó ju méjì lọ, ibi tó máa já sí kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ orin ti kọ̀wé lórí ìjọra yìí. Ọmọ ti gbọ́ ìlù, ó ti mọ àkàsọ̀ ohùn, ó ti rí ìṣirò tó wà nínú méjèèjì, láàárín ìṣẹ́jú ogójì tí píríọ́dù kan ní. Ẹnikẹ́ni kò tíì ra dùùrù.

Mi ò sọ pé dùùrù kò wúlò. Ó wúlò gan-an láti fi kọ́ bí ohùn mẹ́rin ṣe ń jọ rìn, àti láti fi gbe ẹgbẹ́ akọrin. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ètò: kí olùkọ́ ṣáájú irinṣẹ́. Agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, fèrè rẹ́kọ́dà oníke tí òbí lè rà, àti ohùn tí gbogbo ọmọ gbé wá láti ilé, ìwọ̀nyí tó láti kọ́ JSS láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Ọmọ tó bá ń gbọ́ Mozart, ọpọlọ rẹ̀ á jí, á sì yege nínú Máàsì.”

Irọ́ yìí ń gbè wá lẹ́yìn, àwa tí a fẹ́ràn ẹ̀kọ́ orin, síbẹ̀ irọ́ ni. Ní 1993, Frances Rauscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní Irvine gbé ìwádìí kékeré kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 ni wọ́n lò. Lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ Mozart fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò kan nípa fífi ọkàn wo bí ìwé tí a ká ṣe máa rí, àǹfààní náà sì pòórá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ọmọdé níbẹ̀, kò sí Máàsì níbẹ̀. Ìròyìn gbé e gẹ̀gẹ̀ títí ó fi di pé ní 1998 gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, Zell Miller, ní kí ìjọba fún gbogbo ọmọ tuntun ní àwo orin.

Kíkọ́ orin yàtọ̀ sí gbígbọ́ ọ, òótọ́ ni. Ní 2004, Glenn Schellenberg ní Kánádà fi ọmọ ọdún mẹ́fà 144 ṣe ìwádìí, àwọn tó kọ́ orin fún ọdún kan sì fi díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nínú ìdánwò làákàyè. Díẹ̀ ni o. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn kó ọ̀pọ̀ ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n rí i pé bí a bá ṣe ń ṣọ́ra tó nínú ṣíṣe ìwádìí náà ni àǹfààní yẹn ń kéré tó. Kí a má ṣe fi ìlérí Máàsì ta orin fún òbí. Tí àbájáde ìdánwò Máàsì bá wá dé tí kò dára, orin ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ kúrò. Kò sí ẹni tó ń bi ìtàn ilẹ̀ wa léèrè ohun tó ṣe fún Físíìsì. Orin tó fún ara rẹ̀.

“Ọmọ Àyàn nìkan ló ń lu ìlù, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ kéwú kò gbọdọ̀ bá wọn dá sí i.”

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìdílé Àyàn ló tọ́jú dùndún fún wa, láti ìyáàlù dé gúdúgúdú, ọmọ tí wọ́n bí sínú rẹ̀ sì ń gbọ́ èdè ìlù kó tó gé ọmú. Ọ̀wọ̀ wọn tọ́ sí wọn, ilé ìwé tó bá lè pe ọ̀kan lára wọn wá kọ́ni, kó sanwó fún un bí wọ́n ṣe ń sanwó fún olùkọ́. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà, ní Àjìdó, ni wọ́n bí Babatunde Olatunji sí ní 1927. Kì í ṣe ọmọ Àyàn. Ó jáde ní Baptist Academy, ó gba Morehouse College ní Atlanta lọ ní 1950, iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè ló sì ní lọ́kàn. Ní 1960 ó ṣe àwo Drums of Passion, tó gbé ìlù wa dé etí àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ibi tí mo ń lọ gan-an ni pé ó di olùkọ́: ó dá ibùdó àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem, àwọn ọmọdé ń wá kọ́ ìlù àti ijó níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni olórin jáàsì John Coltrane ti ṣeré ní April 1967, oṣù mẹ́ta kó tó kú.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, Ephraim Amu ní Gánà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Olùkọ́ orin ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ìjọ Presbyterian ní Akropong. Ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ wàásù, ó mú ohun èlò ìbílẹ̀ wọ inú ìsìn, wọ́n sì ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1933. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Achimota gbà á. Lónìí, ó ṣòro láti rí ṣọ́ọ̀ṣì ní Okokomaiko tí kò ní gángan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Ní ti kéwú, inú wéré tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí àwọn èèyàn fún sààrì ni fújì ti jáde. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù kò fẹnu kò lórí ohun èlò orin, òbí tó bá sọ pé ọmọ òun kò ní fọwọ́ kàn án ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi ohùn àti àtẹ́wọ́ kọ́ gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ dójú tì í nítorí rẹ̀. Ọmọbìnrin ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n lù ú. Obìnrin olórin tó ń jẹ́ Àrà ti ń lu gángan lórí ìtàgé láti ìgbà pípẹ́.

“Àwọn tó ń kọ orin tó ń tà kò kọ́ orin níbì kankan.”

Òótọ́ ni fún àwọn kan. Ọjà Alábá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn ọmọ wa sì ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó fi kọ̀ǹpútà kan ṣe orin tó gba ìgboro. Ṣùgbọ́n ojú dùùrù ni wọ́n ń tẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà, bọ́tìnì 12 tí a kà sókè yẹn ni wọ́n fi ń to ohùn. Etí ló kọ́ wọn, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Àwọn mìíràn lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni. Peter King, afọnfèrè sasofóònù tó kàwé orin ní Lọ́ńdọ̀nù, padà wálé ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì orin sílẹ̀ lápá Àgbádárìgì níbí. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́ orin lọ́dọ̀ rẹ̀ ni olórin tó ń jẹ́ Aṣa.

“Ọmọ tó ti dé SS2 ti pẹ́ jù.”

Kò pẹ́ jù láti kọ́ orin. Àgbàlagbà ń bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ fún WAEC láti ọwọ́ òfìfo, torí apá ṣíṣe orin níwájú olùdánwò kò ṣeé há sórí lóru ọjọ́ kan. Ọwọ́ àti ọ̀fun ń fẹ́ oṣù púpọ̀. Nítorí náà, ìparí JSS3 ni kí òbí ti béèrè, kí ọmọ tó yan iṣẹ́ rẹ̀ fún SS1: ṣé Music wà lára ohun tí ilé ìwé yìí ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún, ta ni olùkọ́ rẹ̀, ṣé orin ni olùkọ́ náà kọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ló sì wà lórí táìmù-tébù láàárín ọ̀sẹ̀. Tí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí olùkọ́, kí àwọn òbí tó fẹ́ ẹ jọ kọ orúkọ wọn sínú lẹ́tà kan, kí wọ́n gbé e fún ọ̀gá ilé ìwé nípàdé òbí àti olùkọ́, pé kó bá wọn béèrè olùkọ́ orin lọ́wọ́ ìjọba. Kí wọ́n sì tún bi í bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin láti Ijanikin lè wá ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ wọn níbẹ̀ ní táàmù tó ń bọ̀.